Oògùn Tí Ọpọlọ Kò Rí

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London, ní wọ́ọ̀dù àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run, dopamine ni wọ́n máa ń kọ fún ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá ti ń dínkù. Màá po oògùn náà, màá tẹ nọ́ńbà sára ẹ̀rọ: máíkírógíráàmù 2 fún kílò kan, ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àpò ìtọ̀ á ti kún, inú gbogbo wa á dùn.

Ọ̀dọ̀ Leon Goldberg, onímọ̀ nípa oògùn, ni àṣà yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní 1964, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Atlanta kọ ọ́ jáde pé bí dopamine bá wọ ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé kíndìnrín á pọ̀ sí i, iyọ̀ á sì máa bá ìtọ̀ jáde.

Dopamine yìí náà kúkú ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Arvid Carlsson ti fi hàn ní Sweden, ní bíi 1957, pé ó ń jíṣẹ́ nínú ọpọlọ. Reserpine, oògùn tó ń lé dopamine kúrò nínú ọpọlọ, ló fún àwọn ehoro rẹ̀ tí wọn ò fi lè mira.

Kí ló wá dé tí orí àwọn aláìsàn wa kì í fi í dàrú? Dopamine inú ẹ̀jẹ̀ kò lè wọnú ọpọlọ ni. Metoclopramide, oògùn tó ń dá èébì dúró tó sì ń dí dopamine lọ́wọ́, ń wọ ibẹ̀ ní tirẹ̀. Mo ti rí ọ̀dọ́bìnrin kan tó gbà á: ọrùn rẹ̀ lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ yí sókè, ẹ̀rù sì bà á gan-an. Oògùn náà ti dí rìsẹ́pítọ̀ D2, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ibi tí dopamine ń so mọ́ kó tó lè jíṣẹ́, nínú ọpọlọ. Abẹ́rẹ́ procyclidine la fi tú u sílẹ̀.

Rìsẹ́pítọ̀ mìíràn, D1, wà nínú ọpọlọ àti nínú kíndìnrín. Nínú ọpọlọ, ó ń bá wa gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Nínú kíndìnrín, ó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí iyọ̀ padà sínú ara. Kíndìnrín tilẹ̀ ń ṣe dopamine tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní 2000, ìwádìí kan láti Australia àti New Zealand jáde nínú Lancet: aláìsàn 328, àwọn kan gba dopamine, àwọn yòókù gba oògùn tí kò ní agbára kankan nínú. Kíndìnrín àwọn tó gbà á kò sàn ju ti àwọn yòókù lọ. Iṣẹ́ rìsẹ́pítọ̀ là ń rí nínú àpò, àwa ń pè é ní ìwòsàn.

Wọ́n yọ dopamine fún kíndìnrín kúrò nínú ìlànà wọ́ọ̀dù wa. Síbẹ̀ ó pẹ́ kí àwọn dókítà àgbà kan tó jáwọ́, pàápàá lóru, tí àpò bá gbẹ táwọn ẹbí sì ń bèèrè ohun tá a ń ṣe sí i.