Èmi Ni Mo Pa Omi Wa

Ẹ̀yin ará kíláàsì mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó pariwo.

Ṣé ẹ rántí ìgò omi aláwọ̀ ewé tó wà lójú fèrèsé láàbù, èyí tí a bù nínú adágún ẹja ilé-ìwé? Èmi ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún ò le: kí n máa mì ín láràárọ̀, kí n sì máa bu díẹ̀ sínú omi tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ni inter-house bá dé. Nígbà tí a fi máa wọlé láti mid-term, gbogbo ohun aláwọ̀ ewé ti rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò bí ẹrọ̀fọ̀, ó sì ń rùn. Wọ́n ní ẹni tó gbá láàbù ló da ọṣẹ sí i. Mo dákẹ́. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan kún ìyà gbígbá láàbù rẹ̀, lórí ohun tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀.

Ní Túsìdeè tó kọjá ni olùkọ́ Bàọ́lọ́jì wa wá sọ ìtàn algae kan. Isochrysis galbana lorúkọ rẹ̀. Inú omi òkun ló ń gbé, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bíi ti wúrà, ó sì ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Bí 200 wọn bá tò tẹ̀lé ara wọn, agbára káká ni wọ́n á fi gùn tó mìlímítà 1. Obìnrin onímọ̀ kan, Mary Parke, ló yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní 1938, nínú adágún ẹja ní Port Erin, ní Isle of Man. (Adágún ẹja, bíi tiwa!) Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ oyster ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń fi dàgbà. Títí dòní ó ṣì wà láàyè ní Oban, ní Scotland. CCAP 927/1 ni nọ́ńbà rẹ̀.

Mo bi wọ́n pé ṣé inú fíríìjì ló wà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń tọ́jú irú ẹ̀ ni pé kéèyàn bu díẹ̀ nínú ti àtijọ́ sínú omi òkun tuntun tí kòkòrò ò sí nínú ẹ̀, kó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Tó bá yá, kó tún bù ú. Ogun dé ní 1939, ó lọ. Mary Parke náà kú ní 1989. Ẹnì kan ṣáà ń bù ú. Èmi ò lè bù ú kọjá mid-term kan.

Mo ti lọ bẹ ẹni tó gbá láàbù yẹn. Kò tíì dá mi lóhùn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ó kù sọ́wọ́ yín. Mo ti fọ ìgò náà, mo sì bu omi míì lánàá. Kò tíì fi bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀.