Oyin, Tanwíjí àti Ọ̀rá Omi

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ohun ńlá àti ohun kékeré. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, nínú Àlùkùráánì Alápọ̀n-ọ́nlé, Súrà 16 ń jẹ́ Súrà Oyin, Súrà 27 sì ń jẹ́ Súrà Èèrà. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní fi ojú yẹpẹrẹ wo kòkòrò. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ike àti ọ̀rá ń fi ojú wọn rí.

Àwa tí a ń gbé ní Mushin, Yábàá àti Sùúrùlérè mọ bí gọ́tà wa ti rí. Ọ̀rá omi tí ọmọ fi eyín ya, tí ó sì jù sílẹ̀, oòrùn yóò pa á, táyà ọkọ̀ yóò lọ̀ ọ́, yóò gbó, yóò sì fọ́ wẹ́wẹ́. Èyí tí kò bá tó mílímítà 5 ni àwọn onímọ̀ ń pè ní microplastic. Ojú lè má rí i mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì parẹ́.

Tanwíjí a máa gbé e mì mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Reading, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé bí tanwíjí bá di ẹ̀fọn tí ó sì fò lọ, díẹ̀ nínú ike náà ṣì ń bẹ nínú rẹ̀. Ọmọńlé tàbí ẹyẹ tí ó bá jẹ ẹ̀fọn náà yóò jẹ ike mọ́ ọn. Nílé wa níbí, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2020 rí ike nínú àwọn kòkòrò odò Ọ̀ṣun àti odò Ògùn, èyí tí ó ń ṣàn wá sí ọ̀sà Èkó. Ní Copenhagen, ní ọdún 2021, wọ́n rí i lára oyin pàápàá.

Àwọn kan yóò ní, ṣebí kòkòrò náà ń jẹ ike? Òótọ́ ni. Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ icipe ní Kẹ́ńyà sọ pé irú ìdin kan ní ilẹ̀ Áfíríkà ń jẹ fóòmù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Nínú ìwádìí ọdún 2015, 100 ìdin jẹ fóòmù mílígíráàmù 34 sí 39 lójúmọ́. Gíráàmù kan ṣoṣo yóò gbà wọ́n tó ọjọ́ 26 sí 29, wọn a sì tún máa ya wẹ́wẹ́ ike mọ́ ìgbẹ́. Ìdin mélòó ni yóò wá palẹ̀ wòlímọ̀ ẹyọ kan mọ́?

Lóòótọ́, Ìjọba Èkó fi òfin de fóòmù ní oṣù kìíní ọdún 2024, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni iṣẹ́ kù sí. Ànábì wa kọ́ wa pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Sàráà tí ó dára ni fífún ènìyàn ní omi mu. Ẹni tí ó bá ń pín omi inú ọ̀rá nínú Ràmàdáánì, kí ó gbé àpò sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ tí a óò máa kó ọ̀rá sí, kí ìnira má baà tẹ̀lé sàráà. Níbi wòlímọ̀, ẹ jẹ́ kí a lo àwo tí a lè fọ̀.

Nígbà ayé Ànábì Sulaimọ́nù, èèrà kan kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun má baà tẹ̀ wọ́n pa láìfura. Àwa ti gbọ́ báyìí. A kò lè sọ pé a kò fura. Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olùtọ́jú rere lórí ilẹ̀ Rẹ̀. Àmín.