Wàrà ní Bouaké: oúnjẹ Fúlàní nínú ilé Ànàgó

Àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kò ní tíì gbàgbé orúkọ Bouaké. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024, ní pápá Stade de la Paix tó wà ní ìlú náà, ni Super Eagles ti fi pẹnáritì 4 sí 2 na South Africa ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. Bí kò bá sí bọ́ọ̀lù ńkọ́, kí ni ọmọ Yorùbá fẹ́ wá lọ síbẹ̀? Ìdáhùn tiwa kò gùn: ẹ lọ jẹ wàrà.

Bouaké wà ní nǹkan bíi kìlómítà 350 sí àríwá Abidjan. Ọdún 1912 ni ojú irin dé ibẹ̀, láti ìgbà náà ló sì ti di oríta tí ará ìsàlẹ̀ òkun àti ará òkè ti ń pàdé. Àwọn Baoulé ló ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wọ ọjà, èdè Dioula ni ẹ óò máa gbọ́. Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Côte d'Ivoire. Púpọ̀ nínú wọn wá láti Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, débi pé kì í ṣe ohun ìyanu mọ́ kí ènìyàn gbọ́ èdè Faransé láàárín ìlú Èjìgbò. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002 pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì, Bouaké sì di ibùjókòó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún 2007 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Ouagadougou. Ọ̀pọ̀ ló kó ẹrù wọn lọ nígbà náà. Àwọn kan kò padà, àwọn kan padà.

Ìyá tó gbà wá lálejò wà lára àwọn tó padà. Ọmọ Èjìgbò ni, ó ń ta nǹkan ìpèsè. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé, obìnrin Fúlàní kan gbé wàrà tútù wá sẹ́nu ọ̀nà, ìyá sì ra lítà márùn-ún. Ọ̀dá ńlá àwọn ọdún 1970 wà lára ohun tó lé ọ̀pọ̀ darandaran láti Mali àti Burkina Faso wá sí àríwá Côte d'Ivoire. Lónìí, àwọn ará ìlú ń fi wàrà kíkan po ọkà jéró, wọ́n ń pè é ní dèguè, tọmọdé tàgbà ló ń mu ún.

Kosam ni Fúlàní ń pe wàrà, Dioula ń pè é ní nɔnɔ, Hausa náà sì ń pè é ní nono. Tiwa ló yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń pe èyí tí à ń mu àti èyí tó ti dì tí à ń jẹ. Tí ẹnìkan bá ní òun ń lọ ra wàrà, ẹ ní láti mọ̀ bóyá ife ló mú dání tàbí àwo.

Bí ìyá ṣe ṣe é nìyí. Ó sẹ́ wàrà sínú ìkòkò, ó gbé e ka iná tí kò le. Ó gún ewé bọmubọmu bí ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fi wàrà díẹ̀ pò ó, ó sì sẹ́ omi rẹ̀ sínú ìkòkò nígbà tí wàrà ti gbóná ṣùgbọ́n tí kò tíì hó. Oje ewé náà ló ń mú kó dì. Bí a ṣe fẹ́ bá a gba ewé ló pariwo: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fọwọ́ yẹn kan ojú o! Oje rẹ̀ kì í ṣeré.” Òótọ́ ni, nítorí oje bọmubọmu lè ba ojú jẹ́. Lẹ́yìn náà, kò rò ó mọ́. Ó jẹ́ kó hó dáadáa, ohun funfun ń dì lókè, omi rẹ̀ ń dá dúró nísàlẹ̀. Ó bù ú sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kó ro. Lítà márùn-ún yẹn fún wa ní nǹkan bíi kílò kan.

Wàrà báyìí kì í pẹ́ bàjẹ́ tí kò bá sí fíríìjì. Ní àríwá Benin, tí wọ́n ti ń pè é ní wagashi, wọ́n ní ọgbọ́n tiwọn: wọ́n á tún un sè nínú omi iyọ̀, wọ́n á sá a sí oòrùn, wọ́n á sì fi èèpo ara igi ọkà bàbà pa á láró títí ara rẹ̀ á fi pupa. Àwọn ará Yúróòpù náà ní irú ọgbọ́n yìí. Ní Alsace ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ń fi omi iyọ̀ nu ara wàràkàsì Munster léraléra fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó fẹ́ràn iyọ̀ á wá sọ èèpo rẹ̀ di pupa rúsúrúsú, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ilé. Ẹni tó bá mọ irú kò yẹ kó sá fún un. Òórùn le, adùn wà nínú.

Ìyàtọ̀ kan wà tó kan ìlera ọmọ. Wọ́n lè fi wàrà tí kò kan iná rárá ṣe Munster. Tiwa ń hó kí ó tó dénu. Ẹ má fojú kéré híhó yẹn, nítorí wàrà tútù lè gbé àrùn brucellosis àti ikọ́ ife láti ara màlúù wá sára ènìyàn. Kí aboyún àti ọmọdé má mu ún láìsè. Tí ẹ bá sì ra èyí tó ti wà nínú àwo lọ́jà láti àárọ̀, ẹ tún un sè tàbí kí ẹ dín in nínú òróró gbígbóná kí ẹ tó jẹ ẹ́.

Ìyá dín tiwa, ó fi ata àti àlùbọ́sà sí i. Ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń bá wa jẹun. Faransé àti Dioula dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin. Yorùbá rẹ̀ kò ju ìkíni lọ. Ìyá sọ fún wa pé èyí ló ń dun òun jù, ju ọjà tí òun pàdánù nígbà ogun lọ. “Ọjà, mo tún un rà. Èdè ńkọ́?” Ṣùgbọ́n a ṣàkíyèsí nǹkan kan nídìí iná. Nígbà tí ìyá ń sọ pé “mú apẹ̀rẹ̀ wá,” “fún mi ní asẹ́,” “ó ti dì,” kò túmọ̀ ọ̀kan fún ọmọ náà, ọmọ náà kò sì ṣi ọ̀kan mú. A sọ ohun tí a rí fún un: ibi ìdáná ni kí ó fi ṣe kíláàsì, kó má dúró de ìwé. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀la ni òun á bẹ̀rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí a ṣe ń palẹ̀ àwo mọ́, ọmọ náà na ọwọ́ sí èyí tó kù, ó ní “fromage.” Ìyá gbé àwo náà sẹ́yìn, ó ní, “Kí ló ń jẹ́?” Ọmọ náà wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín. “Wàrà, màmá. Ẹ jọ̀ọ́.” Ìyá bù ú fún un, ó sì fi èénì sí i.