Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́ Nípa Ihò Tó Rí

Ogui Road,
Enugu.
Ọjọ́ Ajé, lálẹ́.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí ọ̀rọ̀ tí o kọ ránṣẹ́ lánàá. Mo mọ̀ pé ìdáhùn ni ò ń retí, n kò ní fi ìkíni dá ọ dúró.

O ní ní iléeṣẹ́ tí o ti ń kọ́ṣẹ́ n'Ìbàdàn, o wọ portal àwọn oníbàárà wọn, o rí nọ́ńbà kan ní ìparí àdírẹ́sì ojú-ewé náà, o sì yí i padà. Ni fọ́ọ̀mù ẹlòmíràn bá yọ sí ọ: orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù, NIN. O wá ń bi mí bóyá kí o gbé e sórí WhatsApp kí gbogbo ayé mọ̀, tàbí kí o panu mọ́ kí wọ́n má baà lé ọ. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tí mo fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àwọn olè ṣe ń lo ihò fún ọ, kí o lè mọ ìdí tí mo fi ń kánjú.

Ohun tí o rí wọ́pọ̀ ju bí o ṣe rò lọ. Portal yẹn béèrè ẹni tí o jẹ́, o dáhùn, ó jẹ́ kí o wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò béèrè mọ́ bóyá ìwọ lo ni fọ́ọ̀mù tí o ní kó gbé wá. Ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn gbà pé kò sẹ́ni tó máa tẹ nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí o bá sì tú ọ̀pọ̀ ihò inú sọ́fítíwíà wò, ìdí kan náà lo máa bá: ohun tí àlejò kó wá ni wọ́n gbà wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Wo Equation Editor, ohun tí a fi ń kọ ìṣirò sínú ìwé nínú Microsoft Office. Ọdún 2000 ni wọ́n ti ṣe é. Bí ìwé bá sọ irú fọ́ńtì tó máa lò fún un, á kọ orúkọ fọ́ńtì náà sínú àyè kékeré kan nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, láìkọ́kọ́ wo bí orúkọ náà ṣe gùn tó. Olè á wá fún un ní orúkọ tó gùn ju àyè náà lọ. Èyí tó kù á ṣàn kọjá, á bo ibi tí kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sí pé ibí báyìí ni òun máa padà sí tí òun bá ṣe iṣẹ́ yìí tán. Àdírẹ́sì tí olè fẹ́ ló máa bá níbẹ̀, àṣẹ olè ló sì máa tẹ̀ lé láti ìgbà náà lọ. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kò ṣe ju pé ó ṣí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i.

Ọdún 17 ni ihò yẹn fi wà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ ààbò kan tó ń jẹ́ Embedi rí i, wọ́n sọ fún Microsoft, Microsoft sì gbé àbùlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn update tó dí i, jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2018, wọ́n yọ Equation Editor àtijọ́ náà kúrò pátápátá. Ojú ẹni tó ń wò láti òkèèrè á rí i pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìgbà náà gan-an ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí àbùlẹ̀ bá jáde ni gbogbo olè máa ń mọ ibi tí ihò wà, torí wọ́n á gbé ti àtijọ́ àti ti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á wo ibi tó yí padà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó lo ihò yìí. Àwọn olùwádìí Unit 42 ti iléeṣẹ́ Palo Alto Networks fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè wa tó ń fi ímeèlì lu iléeṣẹ́ ní jìbìtì lórúkọ kan, SilverTerrier. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ń pa èèyàn, wọ́n ń fi ìwé tí wọ́n ní ó jẹ mọ́ àrùn náà ránṣẹ́ sí àwọn iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àti yunifásítì tó ń kọ́ oníṣègùn lókè òkun. Ihò ọdún 2017 yẹn wà lára ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé.

Bí wọ́n bá wọlé, wọn kì í fọ́ nǹkan kan. Wọ́n á gbin Agent Tesla tàbí LokiBot síbẹ̀, èyí tó ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà kó. Wọ́n á máa ka ímeèlì ẹni náà láìsọ̀rọ̀, títí ìwé owó ọjà yóò fi dé. Nọ́ńbà àkáǹtì nìkan ni wọ́n máa yí padà nínú rẹ̀. Oníṣòwò tó ń kó ọjà láti Ṣáínà wá sí ọjà Ogbete níbí ń gba irú ìwé owó bẹ́ẹ̀ lórí fóònù rẹ̀ lójoojúmọ́, o sì mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i bí ó bá sanwó sí àkáǹtì tí kì í ṣe ti ẹni tó tajà fún un.

Láàárín ọjọ́ 13 sí 22 oṣù Kejìlá ọdún 2021, àwọn ọlọ́pàá wa àti Interpol mú èèyàn 11 nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Falcon II, wọ́n sì fura pé púpọ̀ nínú wọn wà lára àwọn SilverTerrier yìí. Ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀rọ̀ aṣínà tó lé ní 800,000 lórí lápútọ́ọ̀pù rẹ̀. Èkó àti Asaba ni wọ́n ti lọ mú wọn, Asaba tí o máa ń gbà kọjá kí o tó gun afárá Odò Ọya bọ̀ wálé. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń yin irú wọn pé ọlọ́gbọ́n ni wọ́n. Àwọn kọ́ ló wá ihò yẹn rí. Ẹlòmíràn ló rí i, ẹlòmíràn ló dí i, àwọn kàn ń wá ẹni tí kò tíì fi àbùlẹ̀ náà sí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ògiri àti aláǹgbá, o ṣáà mọ̀ ọ́n.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi níbí. "Ọ̀gá, bá mi pa update yìí, ó ń jẹ dátà mi." Òótọ́ ni wọ́n sọ, dátà wọ́n, iná sì lè lọ nígbàkígbà. Ti ẹlòmíràn jẹ́ ayédèrú Windows, tí ẹni tó tà á fún un ti pa update rẹ̀ kí àṣírí má baà tú. N kì í bá ẹnikẹ́ni pa á. Mo máa ń ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ó fi dátà tèmi ṣe update, n kì í sì í gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Màmá rẹ ní mo ń náwó dànù. N kò gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà ń jìyà ẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017 ni àbùlẹ̀ ihò tí WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì èèyàn pa láti fi gba owó, gbà wọlé jáde. Ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ni WannaCry dé, ó sì dé NHS, ètò ìlera ìjọba ní England, níbi tí àwọn èèyàn wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà pọ̀ sí. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 19,000 ọjọ́ tí wọ́n dá fún àwọn aláìsàn ni wọ́n fagi lé. Oṣù méjì ni wọ́n ní láti fi dí ihò náà.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí o yára. Kò sí ẹni tó lè kọ sọ́fítíwíà tí kò ní ihò. Àárín ọjọ́ tí ẹnì kan mọ̀ nípa ihò àti ọjọ́ tí wọ́n dí i ni olè ti ń jẹun. Ìwọ ti mọ̀ báyìí, nítorí náà a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú. Bí o bá gbé e sórí WhatsApp, ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ nọ́ńbà kọ máa lè ṣe ohun tí o ṣe, àwọn tí NIN wọn wà níbẹ̀ kò sì ṣẹ̀ ọ́. Bí o bá dákẹ́, ẹlòmíràn á rí i, kò sì ní sọ fún bàbá rẹ̀.

Má tún yí nọ́ńbà kankan padà mọ́. Ẹyọ kan tí o rí ti tó fún ẹ̀rí. Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ọdún 2015 ní ẹ̀wọ̀n nínú fún ẹni tó bá wọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ láti kó dátà, ọlọ́pàá tó bá sì bá fọ́ọ̀mù igba èèyàn lórí lápútọ́ọ̀pù rẹ kò lè rí inú rẹ. Kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ojú-ewé tó jẹ́, ohun tí o ṣe, ohun tó jáde. Kọ àtúnṣe rẹ̀ náà sí i: kí server máa wò ó, ní gbogbo ìgbà, bóyá ẹni tó wọlé ló ni fọ́ọ̀mù tó béèrè. Wọ́n lè sọ pé àwọn á sọ nọ́ńbà náà di gígùn tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀. Sọ fún wọn pé ìyẹn nìkan kò tó. Fi lé ọ̀gá rẹ lọ́wọ́ ní ìwé, má fẹnu sọ ọ́ lásán. Rán an létí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé òfin ààbò dátà ọdún 2023 fún iléeṣẹ́ ní wákàtí 72 láti sọ fún NDPC, àjọ tó ń rí sí ààbò dátà, bí dátà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò tọ́, tó sì lè pa àwọn tó ni ín lára.

Bí wọ́n bá lé ọ torí èyí, gbé ẹrù rẹ máa bọ̀ nílé. Èmi àti màmá rẹ á wá ibòmíràn tí wàá ti kọ́ṣẹ́ parí.

Kọ ìwé náà kí o tó sùn lónìí. Fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n kà á kí o tó gbé e fún wọn, ṣùgbọ́n pa orúkọ àti NIN ẹni yẹn rẹ́ kúrò nínú rẹ̀ ná. Èmi náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.