Ọkọ̀ Wa Tó Ń Hó Lórí Òkè

Ojú ń tì wá díẹ̀ láti kọ èyí, nítorí ẹni tí a kọ́kọ́ dá lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ náà kò jẹ̀bi rárá. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń wa ọkọ̀ tó ti dàgbà bíi tiwa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Peugeot 504 ni ọkọ̀ wa, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní Kàdúná, níbi tí ilé-iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1975. Ẹni tó bá mọ ọkọ̀ yẹn yóò jẹ́rìí pé akíkanjú ni. Ó ti gbé akọrin, ó ti gbé àga, ó ti gbé iṣu ìkórè láti Òṣogbo dé ìgbèríko ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní ọdún 2017 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kì í sì í gbóná láàárín ìlú. A lè wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọláìyá fún ogún ìṣẹ́jú, kí abẹ́rẹ́ gééjì má kúrò láàárín. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kọjá Iléṣà, tí a yà ní Ìwàràjà, tí a wá ń gun òkè tó lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, abẹ́rẹ́ á gbéra, á wọ ibi pupa, ooru funfun á sì máa yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ ló ń bá wa wa ọkọ̀ náà. Ní ìgbà kẹta tí ó dá wa dúró lórí òkè yẹn, a jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo èrò pé kò bu omi sí i. Ó ní, “Dádì, mo bu ú láàárọ̀, ó kún.” A kò gbọ́. Aago ìsìn ti ń lù, a ní kó ṣí i kíá, kó bu omi mìíràn. Bó ti yí ìdérí rédíétọ̀ báyìí, omi gbígbóná tú jáde, ó sì bó o ní ọrùn ọwọ́. Ẹ̀yin ará, omi lásán ń hó ní ọgọ́rùn-ún digírì, ṣùgbọ́n ìdérí rédíétọ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè gbóná tó nǹkan bí 120 kó tó hó. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i lójijì, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fò jáde. Ká ní a pa ẹ́ńjìnnì, tí a dúró títí rédíétọ̀ fi tutù débi tí a lè gbọ́wọ́ lé e, àpá yẹn kì bá tí wà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ lónìí.

Àwọn kan nínú èrò ọjọ́ náà rán wa létí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí róólà tó fi ń tẹ ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ dákú mọ́ ọn lọ́wọ́ nítòsí Ìkéjì-Arákéjì ní October 1928, tí ó sì gbọ́ ohùn Ọlọ́run níbẹ̀. Wọ́n ní bóyá Olúwa ń dá àwa náà dúró ni. A gbàdúrà o, a kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn wa ń bi wá léèrè: kí ló dé tí ọkọ̀ náà kì í gbóná bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wálé?

Mẹkáníìkì tí a kọ́kọ́ fi hàn ní Òṣogbo kò tilẹ̀ gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè fún ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ní gásíkẹ̀ẹ̀tì ti jó, kí a mú owó wá kí òun ṣí orí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, nítorí alumíníọ́mù ni orí ẹ́ńjìnnì yẹn, ooru àpọ̀jù sì lè mú kó wọ́. Owó tó dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé-ìwé ọmọ wa kejì, èyí tó wà nílẹ̀ nígbà náà. A ti ka owó náà tán. Ìyá àwọn ọmọ wa ló ní kí a fi ọkọ̀ han ẹlòmíràn kí a tó ná an.

Báyìí ni a ṣe dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà kan ní Iléṣà, tí ó ti ń tún Peugeot ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìbéèrè ló ń bi wá. “Pásítọ̀, níbo ló ti ń gbóná? Nígbà tí ẹ bá dúró, tàbí nígbà tí ẹ bá ń sáré?” A ṣàlàyé fún un. Ó ní bó bá ṣe ìgbà tí a dúró sójú kan ló ń gbóná, fáànù ni òun ìbá kọ́kọ́ wò, nítorí pé bí ọkọ̀ kò bá rìn, fáànù nìkan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí rédíétọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń gbóná lórí òkè, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣe làálàá, omi ni kò rí ọ̀nà lọ.

Ó ní kí ọkọ̀ sùn sọ́dọ̀ òun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo rẹ̀ tutù nini, ó ṣí ìdérí, ó ní kí ọmọkùnrin wa ta á, òun àti àwa sì ń wo ojú omi. Bí gásíkẹ̀ẹ̀tì bá ti jó, afẹ́fẹ́ láti inú ẹ́ńjìnnì á máa ru gùdùgùdù sókè láìdáwọ́dúró. A kò rí nǹkan kan. Ó fa ọ̀pá òróró yọ, kò funfun bí ògì. Ó mi pọ́ǹpù omi, kò mì. Nígbà tó ṣe, tí ọkọ̀ ti gbóná dáadáa, ó pa á, ó dúró kí fáànù dákẹ́, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú rédíétọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí àwa náà kàn án. Apá òkè gbóná bí ààrò. Àárín àti ìsàlẹ̀ tutù ní ojú ibi púpọ̀. Omi gbígbóná kò dé ibẹ̀ ni.

A rántí ọ̀rọ̀ róólà Babalọlá, a sì sọ ọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. “Pásítọ̀, a kò gbọ́ pé ti Babalọlá ń ṣàìsàn. Tiyín ń ṣàìsàn.”

Nígbà tí ó tú họ́ọ̀sì, ó rí i pé kò sí tẹmọ́sítáàtì níbẹ̀. Mẹkáníìkì kan ti yọ ọ́ dànù láti ọjọ́ pípẹ́, bí ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń ṣe nílẹ̀ wa, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Bàbá ní òun kò fara mọ́ ọn. Ohun tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná níwọ̀n ni, bí kò bá sì sí, ẹ́ńjìnnì á máa tutù jù láàárín ìlú, á máa mu epo, àìsàn rédíétọ̀ á sì fara pamọ́ títí a ó fi dé orí òkè.

Oníṣẹ́ rédíétọ̀ tó wà ní ìkángun ọgbà náà fi iná yọ ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹrẹ̀ pupa àti ìpẹtà ni ó dí ihò púpọ̀ nínú rẹ̀ pa. Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì béèrè pé, “Ta ló ń bu omi kànga sí i?”

Ọmọkùnrin wa wolẹ̀, kò fọhùn. Àwa la sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kànga ẹ̀yìn ilé ìjọ ni a ní kó máa fà, ní òjò ní ẹ̀rùn, bí omi náà tilẹ̀ pọ́n, nítorí a kò fẹ́ náwó. Òótọ́ ló ń sọ lórí òkè: ó bu omi, ó kún. Àṣẹ wa ló ń pa rédíétọ̀.

Iṣẹ́ náà, tẹmọ́sítáàtì tuntun, ìdérí tuntun àti kúláǹtì tí a fi pò mọ́ omi mímọ́, gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin owó tí wọ́n bù fún wa ní Òṣogbo. A san owó ilé-ìwé ọmọ.

Ṣùgbọ́n a kò lè jágbe mọ́ ènìyàn lójú èrò kí a wá bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ tí a tún ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n, àwọn èrò ọjọ́sí wà nínú ọkọ̀. Kí a tó dé ẹsẹ̀ òkè, a ní kó dúró, a sì sọ ohun tí oníṣẹ́ rédíétọ̀ rí, a sọ ẹni tó pàṣẹ kànga, a tọrọ àforíjì. Ó ní, “Dádì, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀wọ́.” Ó fi jíà sí i, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Gbogbo wa la tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́. Àárín ló wà títí a fi dé Ẹ̀fọ̀n.

Nígbà tí a ṣí búùtù láti kó àwọn àga, a bá kẹ́ẹ̀gì omi méjì níbẹ̀. Ó ní omi bọhóólù ni.