Ibú Odò Òfìkì

Ní ìwọ̀ oòrùn Ṣakí ni odò Òfìkì ti ń ṣẹ̀ wá. Ìlú kan wà lókè lọ́hùn-ún tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ibẹ̀ ni odò náà ti dorí kọ gúúsù, ó gba àárín òkè àti ọ̀dàn bọ̀ títí tó fi wọ ilẹ̀ Ìbàràpá, ilẹ̀ ìlú méje: Ìgàngán, Ayétẹ̀, Tápà, Ìdèrè, Igbó-Ọrà, Èrúwà àti Lánlátẹ̀. Kò lókìkí bíi ti odò Ògùn, odò Yemọja, tí wọ́n fi sọ odidi ìpínlẹ̀ kan lórúkọ ní 1976. Ẹni tó mọ Òfìkì kò pọ̀ lẹ́yìn Òkè Ògùn àti Ìbàràpá. Bẹ́ẹ̀ omi rẹ̀ ń dé Èkó. Ó ń lọ pàdé odò Ọ̀yán ní ibi tí wọ́n sé omi sí lókè Abẹ́òkúta, ìsédò tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983. Ọ̀yán á kó o fún Ògùn, Ògùn á sì gbé e dé ọ̀sà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwà odò yìí, ilẹ̀ tó ń gbà kọjá ni kó kọ́kọ́ wò. Àpáta ni. Ní Ìdèrè, àpáta ló yọrí lẹ́yìn ilé, òun náà ló sùn sábẹ́ oko ègúsí àti oko gbágùúdá. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fa omi mu púpọ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi á ṣàn kúrò lórí àpáta sójú àgbàrá, àgbàrá á dà á sínú àwọn odò kéékèèké, àwọn yẹn á sì kó gbogbo rẹ̀ fún Òfìkì. Ìdí nìyẹn tó fi ń tètè kún tó sì ń tètè fà. Ní oṣù Kẹsàn-án, omi á pọ́n, á máa ru gùdù, á gun bèbè, á máa gbé ìtì igi lọ. Bí ọyẹ́ bá wá mú tó sì tún kásẹ̀ nílẹ̀, iyanrìn ló kù ní ọ̀pọ̀ ibi. Àlejò tó bá dé ní oṣù Kejì á ní odò ti kú. Kò kú rárá. Ó sá sínú ibú ni.

Ìdí àpáta ni ibú sábà máa ń wà, níbi tí omi òjò ti fi agbára gbẹ́ ilẹ̀ lọ́dọọdún. Igi tó yí i ká ga ju igi ọ̀dàn lọ, ewé wọn kì í wọ́ tán lẹ́ẹ̀rùn, ibòji wọn ni kì í jẹ́ kí oòrùn tètè fa omi náà tán. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tó kù nínú odò ló ń fún ara wọn mọ́ra síbẹ̀. Àrọ̀ ló gbọ́n jù nínú wọn. Yàtọ̀ sí ohun tí gbogbo ẹja fi ń mí nínú omi, ó tún ní ẹ̀yà ara kan nínú orí, tó pẹ̀ka bí igi kékeré, òun ló fi ń mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa. Nígbà tí omi bá fà tó ku ẹrẹ̀, ẹ ó rí i tó yọ ẹnu sókè, á gba afẹ́fẹ́, á tún rì. Bó bá burú jù, á fi àyà wọ́ lórí ilẹ̀ tútù lóru, á wá ibú mìíràn lọ. Èpìyà kò ní irú ẹ̀bùn yìí, àmọ́ ó mọ ọmọ tọ́: oríṣi kan wà lára wọn tí ìyá ń kó ẹyin sẹ́nu títí wọn á fi di ọmọ, bí ewu bá sì dé lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo wọn á tún rọ́ padà sẹ́nu ìyá wọn.

Lórí bèbè, awọ́nrínwọ́n ni ẹ máa wò. Inú omi àti etí omi ló ti ń jẹ, ṣùgbọ́n abo rẹ̀ kì í yé ẹyin síbẹ̀. Òkìtì ọ̀gán ló ń wá lọ nígbà òjò, tí ara òkìtì bá ti rọ̀; á fi èékánná dá a lu, á yé sínú rẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ikán á tún ilé wọn ṣe, wọ́n á dí ojú ihò náà pa láìmọ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń tọ́jú. Inú òkìtì móoru, ó sì lọ́rinrin. Ẹyin á wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí òjò mìíràn á fi tún mú kí ògiri òkìtì rọ̀, kí àwọn ọmọ tó ráyè jáde. Mi ò mọ ẹ̀dá mìíràn létí odò yìí tó yà mí lẹ́nu tó o.

Irú omi tó dúró lójú kan bíi ti ibú náà ló fi àrùn sòbìà jẹ Ìdèrè níyà fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀bi Òfìkì kọ́. Àwọn odò kéékèèké àti adágún ìtòsí ìlú ni wọ́n ń pọn mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ á ti ẹsẹ̀ bọ omi kí ìrora lè rọlẹ̀. Níbẹ̀ ni aràn náà ti ń tu ọmọ rẹ̀ sínú omi. Kòkòrò omi tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí á gbé ọmọ aràn mì, ẹni tó bá sì mu omi náà láìsẹ́, ní nǹkan bí ọdún kan sí i, aràn tó lè gùn tó mítà kan á yọ lára òun náà. Ọ̀pọ̀ gbà pé òrìṣà Ṣọ̀pọ̀nná ló ń rán an. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní iṣẹ́ ìlera ní Igbó-Ọrà, Ìdèrè sì wà lára ibi tí wọ́n ti bá àwọn ará ìlú ṣe é, tí fífi aṣọ sẹ́ omi fi di ohun tí a mọ̀. Ní 1988, àwọn tí wọ́n kà pé wọ́n ní sòbìà ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé orílẹ̀-èdè yìí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí báyìí ni igi etí odò. Iṣẹ́ èédú ti gbilẹ̀ ní Ìbàràpá, mi ò sì lè bá ẹni tó ń fi bọ́ ọmọ rẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n igi tó di bèbè mú yàtọ̀ sí igi inú ọ̀dàn. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti kúrò, àgbàrá á máa wó bèbè sínú odò, iyanrìn á máa kún ibú díẹ̀díẹ̀. Ibú tó ń bo ènìyàn mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ á di èyí tí kò dé orúnkún, oòrùn á sì fà á gbẹ kí òjò tó dé. Àrọ̀ lè wọ́ lọ síbòmíràn bí ibòmíràn bá wà. Èpìyà kò lè ṣe é. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló wà ní Ìbàràpá, Òfìkì kò sì mọ ààlà wọn; ó yẹ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó pẹ̀lú àwọn ọba, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn eléèédú, kí wọ́n yọ igi etí odò sọ́tọ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ tó wọlé.