Kànga Ni Mo Kà, N Kò Ka Omi

Owó ìlú ni mo fi ṣòfò. Èmi ni mo kọ ìwé ètò náà, èmi ni mo fọwọ́ sí i, n kò sì ní ẹni tí mo fẹ́ di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò lórí SDG, ìyẹn àwọn àfojúsùn ìdàgbàsókè 17 tí wọ́n fẹ́ kí ayé lé bá kí ọdún 2030 tó parí. Góńgó 169 ló wà lábẹ́ wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé sàkání wa, èmi ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Mo ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun, mo sì ti há gbogbo nọ́ńbà náà sórí. Bí ẹnikẹ́ni bá la ẹnu nípàdé, màá ti sọ nọ́ńbà góńgó tó ń sọ kó tó parí ọ̀rọ̀. Inú mi máa ń dùn tí gbogbo ilé bá dákẹ́ tí wọ́n ń wò mí. Ìgbéraga ni. Ìmọ̀ ni mo pè é nígbà náà.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò le lójú mi: kí n kọ bí ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn yóò ṣe lé àfojúsùn kẹfà bá, èyí tó dá lórí omi tó mọ́ àti ilé ìyàgbẹ́. Ìwé tí wọ́n ti kọ fún orílẹ̀-èdè mìíràn wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Mo yọ orúkọ ilẹ̀ wọn, mo fi tiwa sí i. Mo yọ àwòrán tiwọn, mo fi tiwa sí i. Níbi tó yẹ kí n kọ ohun tí a ó fi mọ̀ pé a ti ṣàṣeyọrí, iye kànga ẹ̀rọ tí a máa gbẹ́ ni mo kọ. Kànga ṣeé kà. Ó ṣeé yà ní fọ́tò.

Wọ́n kìlọ̀ fún mi. Alábàáṣiṣẹ́ kan láti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin sọ fún mi ní Ìbàdàn pé àwọn kò gbé góńgó 169 náà mì lódindi. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ṣa 49 tó kan ilẹ̀ wọn jù lọ, wọ́n sì gbé e sọ̀kalẹ̀ dé ìjọba ìbílẹ̀ 77 tí wọ́n ní, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń dun ibì kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ bi àwọn tó ń pọn omi kí ẹ tó kọ ọ́.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní orílẹ̀-èdè kékeré ló ń ráyè irú ìyẹn.

Ìkìlọ̀ kejì ṣe kedere ju ìyẹn lọ. Ìgbà òjò ni a dé ìlú tí a ti fẹ́ gbẹ́ kànga àkọ́kọ́. Ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀kọ nítòsí wo ibi tí a kan èèkàn mọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, àpáta ló wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn. Ẹ ó rí omi lójú òjò. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ ò ní rí i mọ́. Ìsàlẹ̀ ọ̀hún ni omi ti máa ń pẹ́.” Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo dúpẹ́, mo sì kọjá lọ. Ibi tó tọ́ka sí jìn sí títì, mọ́tò àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá ṣí kànga kò ní lè débẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Àpáta líle ló wà lábẹ́ púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà, omi kì í sì í sí nínú irú àpáta bẹ́ẹ̀ àfi níbi tó bá ti sán, tàbí nínú erùpẹ̀ tó bò ó lórí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ wá yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó gbẹ́ kànga. Owó àyẹ̀wò yẹn wà nínú ìṣirò tí mo kọ́kọ́ ṣe. Èmi ni mo yọ ọ́, kí iye kànga lè pọ̀ sí i.

A gbẹ́ ẹ. Omi tú jáde. Wọ́n lùlù, wọ́n jó, àwọn àlejò sọ̀rọ̀. Mo kọ orúkọ ìlú náà mọ́ àwọn tó ti rí omi.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ní oṣù kejì ọdún, kànga náà gbẹ. Èyí tí a gbẹ́ ní ìlú kejì náà gbẹ.

Mo padà lọ. Ẹsẹ̀ odò ni mo ti bá àwọn ọmọbìnrin, wọ́n gbẹ́ iyanrìn, wọ́n ń fi ike kékeré bu omi pupa tó ń sun jáde díẹ̀díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì. Ìyá ẹlẹ́kọ ti kó ọjà rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Omi la fi ń rẹ àgbàdo, omi la fi ń sẹ́ ògì. Kò rí èyí tó máa fi ṣe é. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ya ìgbẹ́ gbuuru títí wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù, owó àgbàdo ló sì bá a lọ. Kò bú mi. Ó bi mí bóyá a ti wá gbẹ́ òmíràn.

N kò rí èsì fọ̀.

Ìwé tí àwọn orílẹ̀-èdè fi fẹnu kò lórí SDG gan-an ti kìlọ̀ fún mi. Ìpínrọ̀ 55 rẹ̀ sọ pé ìjọba kọ̀ọ̀kan ni yóò pinnu góńgó tirẹ̀, kí ó máa wo ibi tí ayé ń lọ, kí ó sì ro bí nǹkan ṣe rí nílẹ̀ rẹ̀. Mo ti kà á, mo sì fò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ fún omi mímu kò ka kànga rárá. Èèyàn ló ń kà: àwọn tí omi wà nínú ọgbà ilé wọn, tí wọ́n ń rí i nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀, tí kò sì ní ìdọ̀tí. Oṣù kejì ni Òkè-Ògùn nílò rẹ̀ jù.

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú iṣẹ́ yìí fún, 2030 ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn yóò sì máa bi ọ́ ní nọ́ńbà lójoojúmọ́. Èmi fún wọn ní nọ́ńbà. Wọ́n rò ó pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, ó gòkè lọ. Nígbà tí owó omi mìíràn dé, wọ́n yẹ ìwé wò, wọ́n rí i pé ìlú náà ti rí omi, wọ́n sì gbé owó náà lọ síbòmíràn. Mo ti kọ lẹ́tà pé ohun tí mo kọ kì í ṣe òótọ́, kí wọ́n dá orúkọ ìlú náà padà sáàárín àwọn tí kò ní omi. Wọn kò tíì dá a padà.